Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ìyè: Oúnjẹ àti Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Orí àti Ọrùn

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀kánjúwà ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí: ẹni tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró nídìí àwo, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò sìn ín dé ibi tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀yìn tí a kì í sábà yí wò. Bí ọ̀fun bá dí, tí omi kò lọ mọ́, tí òkèlè di ẹ̀gún, ọ̀nà ọ̀run náà ni. Ẹ̀yìn òwe yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé àwọn kan wà láàárín wa tí ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú ń pa wọ́n lára ní ọ̀fun fún ìgbà díẹ̀, tí àwọn ará ilé wọn kò sì mọ ohun tí wọn ì bá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìdílé kan. Kétu ni ilé wọn, ṣùgbọ́n Èkó ni bàbá wà báyìí, ní ilé àbúrò rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ tí ó wà ní ọ̀fun rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ kí ó lè máa se oúnjẹ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ìtọ́jú, ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ó ta sánsán, ó kúnlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

“Olówó orí mi, ẹ dákun, ẹ fi ẹnu kàn án.”

“Ìyá àwọn ọmọ mi, kò lọ ni. Bí ẹni ń gbé iná mì ni.”

“Ẹ ṣáà gbìyànjú. Báwo ni ẹni tí kò jẹun yóò ṣe ní okun?”

Bàbá bu òkèlè kan. Ikọ́ gbé e, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó rò pé ọkọ òun ti sọ ìrètí nù. Ọkọ rò pé òun ń dá ìyàwó òun lóró. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun kò ní padà sí ilé ìwòsàn mọ́.

Ìdílé àfinúrò ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe àfinúrò. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, àwọn méjèèjì sì ń jìyà ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé wọn: pé nínú irú ìtọ́jú yìí, oúnjẹ kì í ṣe ohun tí a kàn ń fi kún oògùn. Ara oògùn gan-an ni.

Iṣẹ́ tí ọ̀fun ń ṣe láìdúpẹ́

Ẹ fi ìka lé gògóńgò yín, kí ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ óò rí i pé ó gòkè, ó sì tún sọ̀kalẹ̀. Ìgbésẹ̀ kékeré yẹn ni ó ń dá ẹ̀mí wa sí nígbà gbogbo tí a bá ń jẹun. Nínú ọ̀fun ni ọ̀nà méjì ti pàdé: ọ̀nà èémí tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àti ọ̀nà oúnjẹ tí ó lọ sí ikùn. Nígbà tí ahọ́n bá ti òkèlè sẹ́yìn, ẹran rírọ̀ tí ó wà lókè ẹnu a dí ọ̀nà imú. Gògóńgò a gòkè. Ìdérí kékeré kan a bo ọ̀nà èémí. Ẹnu ọ̀nà oúnjẹ a sì ṣí sílẹ̀. Iṣan tí ó lé ní 25 ni ó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, kí a sì tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Itọ́ ni ó ń mú kí ohun gbogbo yọ̀. Ara tí ó dá ṣáṣá ń pèsè ìdajì lítà títí dé lítà kan àbọ̀ itọ́ lójúmọ́. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó yẹ kí a mọ iyì iṣẹ́ yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé a kì í rún òkèlè lẹ́nu. Gbígbé ni a ń gbé e mì. Ẹni tí kò lè gbé òkèlè mì láàárín wa ti pàdánù oúnjẹ, ó sì ti pàdánù ìjókòó nídìí àwo pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje

Jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni a ń pe àwọn jẹjẹrẹ tí ó ń mú ẹnu, ahọ́n, ẹ̀yìn imú, ọ̀fun àti gògóńgò. Tábà àti ọtí líle, tí sódabì wà lára wọn, wà nínú ohun tí ó ń fà á jù lọ, pàápàá bí ènìyàn bá ń lo méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tètè dá aláìsàn lẹ́bi: àwọn kòkòrò àìfojúrí bíi HPV àti Epstein-Barr náà ń fa irú rẹ̀ kan lára ẹni tí kò fi ẹnu kan sìgá rí.

Ìtọ́jú onítànṣán, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní radiothérapie, wà lára ohun ìjà tí ó lágbára jù sí i. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí aláìsàn gba ìtànṣán ní ìgbà 35: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà mìíràn wọ́n a fi oògùn tí a ń fà sí ara lọ́nà iṣan kún un. Aláìsàn a dùbúlẹ̀, wọn a fi ìbòjú tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ojú rẹ̀ mú orí rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ a sì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò dunni lákòókò náà. Ẹ̀yìn ọ̀la ni ìrora ń bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aláìsàn lè máa jẹun bí ó ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí pupa, á máa ta bí ẹni tí ó jẹ ata tútù. Adùn á kúrò nínú oúnjẹ: iyọ̀ kò ní dùn mọ́, ẹran á dà bí igi. Itọ́ á dín kù, èyí tí ó kù á máa fà bí omi ilá. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ, egbò lè gba gbogbo inú ẹnu àti ọ̀fun. Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé: ìrora náà kì í tán ní ọjọ́ tí ìtọ́jú bá parí. Ó lè wà ní góńgó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ní tirẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó padà, nígbà mìíràn kì í padà tán.

Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ yóò rò pé àìsàn ni ó ń le sí i, tàbí pé ìtọ́jú ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò ka ọ̀sẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń ka oṣù òjò.

Ìdí tí ọjọ́ kan fi ju ọjọ́ kan lọ

Jẹjẹrẹ kì í sinmi. Bí a bá dá ìtànṣán dúró láàárín, àwọn tí kò tíì kú nínú rẹ̀ a tún máa pọ̀ sí i. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìtọ́jú bá fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ lè dín àǹfààní láti ṣẹ́gun jẹjẹrẹ náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ebi lè ba ìtọ́jú jẹ́ láì fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá: ara tí kò ní okun á dá ìtọ́jú dúró, ọ̀sẹ̀ á sì kọjá.

Ọ̀nà kejì tún wà. Ìbòjú tí wọ́n fi ń mú orí dúró, ìwọ̀n ojú àti ọrùn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Bí aláìsàn bá rù púpọ̀, ìbòjú náà á máa mì lójú rẹ̀, ibi tí ìtànṣán yẹ kí ó bà lè yẹ̀, wọ́n sì lè ní láti tún gbogbo ètò ṣe. Nítorí náà, ìwọ̀n ara ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe pàtàkì bí ìtànṣán ti ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó wọn kílò 70 tẹ́lẹ̀, tí ó wá wọn 63, ti pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀; kí ó tó dé ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí ilé ìwòsàn mọ̀.

Ìkòkò tiwa tó ó ṣe

Àwọn mìíràn rò pé àwọn agolo oúnjẹ olówó gọbọi tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn nìkan ni ó lè gba aláìsàn là. Ní 2005, Paula Ravasco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Portugal tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 75 tí wọ́n ń gba ìtànṣán fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Apá kan gba ìmọ̀ràn onímọ̀ oúnjẹ lórí bí wọ́n ṣe lè máa jẹ oúnjẹ tí wọ́n mọ̀. Apá kejì gba oúnjẹ inú agolo. Apá kẹta ń jẹ ohun tí ó wù wọ́n. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìtọ́jú, àwọn tí wọ́n gba ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àbáláyé wọn ni ara wọn dá jù.

Kí ni èyí túmọ̀ sí nínú ilé ìdáná wa? Ẹni tí ó wọn kílò 60 nílò nǹkan bí kálórì 1500 sí 1800 lójúmọ́, àti gíráàmù 60 sí 90 èròjà amáradàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà àti ẹ̀wà. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà. Ẹ̀kọ mímu lásán kò lè gbé e dé ibẹ̀, bí ó ti wù kí ó mu ún tó. Ṣùgbọ́n bí a bá po wàrà oníyẹ̀fun tàbí wàrà sóyà mọ́ ọn, tí a lu ẹyin sí i nígbà tí ó ń hó, tí a sì jẹ́ kí ẹyin náà jiná dáadáa, ẹ̀kọ náà ti di oúnjẹ gidi. Ṣíbí ọbẹ̀ òróró kan péré ní nǹkan bí kálórì 120, kò sì gba àyè nínú ife.

Ọ̀pọ̀ oúnjẹ wa ni ó bá ọ̀fun tí ó ní egbò mu: ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ tí kò ní ata, gbẹ̀gìrì, ewédú, àkàsà tí a pò pẹ̀lú ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ tí a sì lọ̀ kúnná, pía, ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ṣíbí tẹ̀. Àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú lè lọ níbi tí iyán kò ti ní lọ, nítorí pé iyán a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀fun tí kò ní itọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹra fún ata, ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátì púpọ̀, gàrí, ẹ̀pà tí a kò lọ̀, àti ohunkóhun tí ó gbóná janjan. Kódà ògì tí ó ti kan jù a máa ta egbò. Kí a lo èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Kí a pín oúnjẹ sí ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí a sì fún un ní oògùn ìrora tí dókítà kọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Bí a bá fún un ní oògùn náà lẹ́yìn oúnjẹ, ó ti pẹ́ jù.

Ẹnu náà nílò ìtọ́jú. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan bicarbonate nínú lítà omi kan tí a ti sè tí ó sì ti tutù: kí aláìsàn máa fi ṣan ẹnu ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí ó sì tu ú dànù. Kánún kì í ṣe bicarbonate. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rọ́pò rẹ̀. Pákò lè dá egbò sí ẹnu ní àkókò yìí. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ ni kí ó lò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú àgbo wá, kí a kọ́kọ́ fi han dókítà.

Rọ́bà oúnjẹ kì í ṣe àmì ikú

Nígbà mìíràn, pẹ̀lú gbogbo ìsapá, oúnjẹ kò ní lọ tó. Dókítà á wá sọ̀rọ̀ rọ́bà, tí wọ́n ń pè ní sonde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Wọ́n rò pé ẹni tí a ń bọ́ lọ́nà imú tàbí lọ́nà ikùn ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Òdì kejì ni òtítọ́. Wọ́n ń fi rọ́bà sí aláìsàn nítorí pé wọ́n retí pé yóò yè. Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ń gba imú lọ sí ikùn. Ó dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èkejì, gastrostomie, ń gba ihò kékeré kan ní awọ ikùn wọlé tààrà. Òun ni wọ́n sábà ń yàn bí ó bá máa ju oṣù kan lọ. Ní 1980 ni Michael Gauderer àti Jeffrey Ponsky ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà tí a fi lè fi í sí ara láì la ikùn lọ́nà iṣẹ́ abẹ ńlá. Aṣọ á bò ó, aláìsàn lè rìn, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó lè ṣeré pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀fun bá sì ti san, wọ́n á yọ ọ́.

Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ kọ́ ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó sì ṣe é lójú nọ́ọ̀sì náà kí wọ́n tó padà sílé. Kí a fọ ọwọ́. Kí aláìsàn jókòó tàbí kí a gbé orí àti àyà rẹ̀ sókè, kí ó má sì dùbúlẹ̀ tẹẹrẹ títí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Kí a fi omi mímọ́ ṣan rọ́bà ṣáájú àti lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó má baà dí. Bí oúnjẹ ilé ni a ó lò, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sẹ́ ẹ, kí ó má sì pẹ́ nílẹ̀. Bí rọ́bà imú bá yọ tàbí tí ó sún kúrò ní àmì tí wọ́n fi sí i, kí a má ṣe tì í padà fúnra wa. Rọ́bà tí ó bá ṣìnà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

Ọ̀fun tí a kò lò a máa gbàgbé iṣẹ́

Ṣùgbọ́n rọ́bà ní ewu kan tí ó fara pamọ́. Bí aláìsàn bá ti rí i pé oúnjẹ ń wọlé láì gba ẹnu, ó lè dẹ́kun gbígbé ohunkóhun mì. Iṣan ọ̀fun tí kò ṣiṣẹ́ á rọ, ibi tí ìtànṣán kọjá á sì le gbagidi. Nígbà tí egbò bá san, ọ̀fun lè ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 2013, Katherine Hutcheson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MD Anderson ní Texas tẹ ìwádìí lórí aláìsàn 497 jáde. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹnu jẹ nǹkan títí ìtọ́jú fi parí, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ọ̀fun, ni wọ́n padà sí oúnjẹ gidi jù lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá ti sọ pé kò léwu, kí aláìsàn máa gbé díẹ̀ mì lójoojúmọ́, ì báà ṣe ṣíbí omi mélòó kan.

Eré ìdárayá náà kò gba ohun èlò. Kí a gbé itọ́ mì pẹ̀lú gbogbo agbára, bí ẹni tí ó ń gbé òkèlè ńlá mì. Kí a gbé itọ́ mì, kí a sì dá gògóńgò dúró lókè fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí a tó jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀. Kí a la ẹnu gbàgà, kí a dá a dúró, kí a pa á dé, nítorí pé eegun àgbọ̀n náà a máa le. Onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní orthophoniste ni ó yẹ kí ó yan iye ìgbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìtànṣán àkọ́kọ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a bi dókítà ọ̀fun tàbí nọ́ọ̀sì ibẹ̀.

Àwọn àmì tí a kò gbọdọ̀ fojú fò

Bí aláìsàn bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá mu omi. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún lẹ́yìn oúnjẹ bí ẹni pé omi wà nínú ọ̀fun rẹ̀. Bí ibà bá mú un tí àyà sì ń dùn ún: oúnjẹ lè ti máa gba ọ̀nà èémí lọ. Nígbà mìíràn ó ń lọ síbẹ̀ láìsí ikọ́ rárá, nítorí náà ibà lásán tó láti mú wa dìde. Bí kò bá lè gbé omi mì fún odindi ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dín kù tí ó sì pọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu rẹ̀: kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí a má dúró de ọjọ́ ìtọ́jú tí ó kàn.

Ìjókòó nídìí àwo

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé yẹn ní Èkó. Ká ní ẹnì kan ti jókòó ti tọkọtaya náà kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ń bọ̀. Ìyàwó kò ní gún iyán ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹ̀kọ tí ó po ẹyin àti wàrà mọ́ ni yóò gbé kalẹ̀, nínú ife kékeré, lẹ́yìn oògùn ìrora. Kò ní sọ pé, “Ẹ gbìyànjú,” nítorí pé ó mọ̀ pé ọkọ òun ń gbìyànjú. Yóò sọ pé, “Ẹ rọra, olówó orí mi, a ní àkókò.” Bí ọjọ́ bá burú jù, rọ́bà á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bàbá á ṣì jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù, á gbé ṣíbí omi mẹ́ta mì, á sì gbọ́ ìròyìn Kétu lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà wá, ẹ̀yin ni ẹ óò sábà tẹ̀ lé bàbá tàbí ìyá yín lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ẹ gbọ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè pé, “Ta ni yóò máa wọn ìwọ̀n ara rẹ̀? Ta ni yóò kọ́ wa ní oúnjẹ tí yóò máa jẹ? Ta ni yóò wo bí ó ṣe ń gbé nǹkan mì?” Ẹ kọ èsì sílẹ̀, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ó wà nídìí ààrò.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méje yìí, ọ̀rẹ́ náà kò gbọdọ̀ já aláìsàn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ì báà gba ẹnu wọlé, ì báà gba rọ́bà. Kí ọ̀nà ọ̀fun wa máa jẹ́ ọ̀nà ìyè.